Iyọ̀ àti Oyin Nínú Páànù Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n sọ ìgbà tí a ń pa á, kí wọ́n sì fi gbólóhùn tiwọn gbè é lẹ́sẹ̀. N kò mọ̀ pé èmi gan-an kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di ìgbà tí mo mú ìyá mi kúrò ní Ẹ̀pẹ́ wá sí ilé mi, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí bọ́ ọ. Òwe náà sọ pé òkété yóò mu ọmú ọmọ rẹ̀. Kò sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe bí ìyá bá pa ẹnu dé, tí ó ní òun kò mu.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo lọ, oúnjẹ tí kò gbà mí tó ìdajì wákàtí. Edé tútù ni mo dín. Ṣùgbọ́n iyọ̀ àti oyin ni mo jọ fi sí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Edé ni ìyá mi tà tí ó fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá mọ Ẹ̀pẹ́ yóò mọ ọjà ẹja Òlúwo tí ó wà létí ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja ti ń kó ẹrù wọn gúnlẹ̀. Ìyá mi a máa ra edé lọ́wọ́ wọn ní ìdájí, a tà á ní tútù títí oòrùn yóò fi mú, a sì yan èyí tí ó bá ṣẹ́ kù. Òórùn edé yíyan wà nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mi láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa pè mí ní ọmọ eléedé, wọn a sì mọ̀ọ́mọ̀ yí fáwẹ́lì rẹ̀ padà títí yóò fi di orúkọ ẹranko mìíràn. Mo sunkún nítorí rẹ̀ nígbà náà. Owó edé náà ni mo fi gba oyè nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí mo sì wá di ẹni tí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin fáwẹ́lì kan àti èkejì.

Òfin kan wà nídìí ààrò ìyá mi: ohun tí ó bá dùn bí ṣúgà kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ọbẹ̀. Aládùúgbò wa kan a máa bu ṣúgà díẹ̀ sí ọbẹ̀ ata bí tòmátì bá kan jù. Bí ó bá gbé ọbẹ̀ náà fún wa, ìyá mi yóò dúpẹ́, yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kò sì ní fi kan ẹnu. Yóò ní, “Ọbẹ̀ tí ó bá ń dùn bí oyin, ọbẹ̀ ọmọdé ni.” Abẹ́ òfin yìí ni mo dàgbà sí. Òfin yìí náà ni mo sì gbé lọ sí ilé ọkọ.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, yóò tún bèèrè owó náà. Lẹ́yìn náà, ó ṣìnà láti ọjà wá sí ilé, lójú ọ̀nà tí ó ti ń rìn kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo mú un wá sọ́dọ̀, ó ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti di olóògbé. Nígbà tí ó yá, kò pè mí ní orúkọ kankan mọ́. Ó kàn ń pè mí ní oníbàárà.

Gbogbo ìyẹn ni mo fara dà. Èyí tí n kò lè fara dà ni oúnjẹ. Àmàlà, ó tu ú. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìró tí ó ń yí i po lẹ́ẹ̀kan wá ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kò ní àtọ̀gbẹ. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ọjọ́ orí àti àìsàn iyè-ríra bá wọ ara, adùn oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yé ahọ́n mọ́, àti pé ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń yà sí ohun tí ó bá dùn bí ṣúgà. Ó ní kí n fún un ní ohun tí yóò gbé mì. Èmi náà ti ṣàkíyèsí pé bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ògì ni ó máa ń mu ún tán.

Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mo ń kọ́ kíláàsì SS2 ní ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ tí ó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Mo kọ gbólóhùn mẹ́ta sí ojú pátákó: “Oyin dùn. Ọbẹ̀ dùn. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.” Mo ṣàlàyé pé “dùn” olóhùn ìsàlẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má ṣe dà á pọ̀ mọ́ “dún” olóhùn òkè tí a ń lò fún ìlù. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, “Mà, ṣé àwọn baba ńlá wa kò ní ọ̀rọ̀ tí ó ya adùn oyin sọ́tọ̀ kúrò lára adùn ọbẹ̀ ni? Kí ló sì dé tí ìrora náà tún fi wà níbẹ̀?” Mo fún un ní ìdáhùn inú ìwé, pé ọ̀rọ̀ tí ó bá yí i ká ni yóò fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Agogo dún, ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n kò tíì dá a lóhùn.

Bí mo ti ń lọ sílé, mo rí obìnrin kan tí ó pàtẹ edé tútù sórí yìnyín nínú abọ́ ńlá. Láti ìgbà tí ìyá mi ti dé ọ̀dọ̀ mi, n kò ra edé tútù wọlé rí. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò wo edé, kò ní mọ̀ ọ́n. Ó lè gbàgbé orúkọ mi, ṣùgbọ́n edé ni gbogbo ayé rẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó ra ìdajì kílò.

Ọmọ mi obìnrin ti fi bí wọ́n ṣe ń fi oyin, aáyù àti omi sóyà dín edé hàn mí lórí fóònù rẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, mo ní ìyá àgbà yóò bú wa. Ní ọjọ́ yìí, mo bọ́ gèlè, mo gbé àpótí ìyá mi sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sì gbé abọ́ edé sí iwájú rẹ̀.

Ó wo abọ́ náà títí. Ó fi àtàǹpàkò yí edé kan padà. Ó ní, “Eléyìí ti sùn. Èló lo rà á?” Mo sọ iye tí mo rà á fún un. Ó pòṣé, ó ní, “Wọ́n rẹ́ ọ jẹ.” Kí n tó mọ ohun tí n ó sọ, ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ó ya orí, ó bó èèpo, ó fi èékánná fa ìfun dúdú tí ó wà ní ẹ̀yìn edé jáde, ó sọ ọ́ nù, ó mú òmíràn. Mo mú ọ̀bẹ láti ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi bó mẹ́ta, ó ti bó mẹ́wàá.

Bí mo ṣe dín in nìyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò. Mo fọ edé, mo sì fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀ gbẹ, nítorí bí omi bá pọ̀ lára rẹ̀, bíbọ̀ ni yóò bọ̀, kò ní dín. Mo fi iyọ̀ díẹ̀ ra á. Mo gé aáyù mẹ́rin wẹ́wẹ́, mo rin atalẹ̀ díẹ̀, mo gé àlùbọ́sà kékeré kan, mo sì yọ hóró ata rodo kan kúrò kí ó má baà ta ìyá mi lẹ́nu jù. Omi sóyà kò sí nílé. Mo wá rò ó pé ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Irú tiwa náà, hóró igbá tí a bò títí tí ó fi kan ni. Mo bu irú pẹ̀tẹ̀ ìdajì ṣíbí dípò rẹ̀.

Páànù gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí òróró tó wọ̀ ọ́. Edé kì í pẹ́ jinná: ìṣẹ́jú méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìṣẹ́jú kan ní èkejì, ó tán. Bí ó bá tẹ̀ bí dòjé, ó ti jinná. Bí ó bá ká kò bí òrùka, ó ti le. Ẹ ó rí i tí àwọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n lójú yín. Àwọ̀ náà kò ti inú epo wá. Inú ara edé ni ó ti wà tẹ́lẹ̀, purotéènì kan ni ó dè é mọ́lẹ̀; bí iná bá ti tú ìdè náà, pípọ́n rẹ̀ á hàn sójú. Mo kó edé kúrò, mo da àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, ata àti irú sínú páànù. Ìgbẹ̀yìn ni oyin ń wọ̀ ọ́, nítorí oyin tètè ń jóná: ṣíbí méjì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, àti omi lásán díẹ̀. Nígbà tí ó bá ń hó kùtùkùtù tí ó sì ki, kí ẹ dá edé padà, kí ẹ yí i pọ̀, kí ẹ pa iná.

Nídìí páànù yìí ni mo ti dúró ro òfin ìyá mi. Ta ni ó ń po gààrì olómi tútù fún wa, tí ó ń bu ṣúgà sí i, tí ó sì ń fi ẹja díndín lé e? Òun ni. Ta ni ó ń fi àkàrà oníyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògì oníṣúgà ní òwúrọ̀ Sátidé, tí ó ń fi dòdò sórí ẹ̀wà aláta? Òun kan náà ni. Òfin náà wà lórí ìkòkò, kò dé orí àwo wa rí. Ohun mìíràn tún sọ sí mi lọ́kàn. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí mi, iyọ̀ àti oyin ni àwọn àgbà fi kàn mí lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú àdúrà. Àwọn dókítà òde òní ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má ṣe lá oyin, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi ni mo ń sọ. Ìyá mi a máa sọ pé mo lá oyin, mo sì fajú ro nígbà tí iyọ̀ kàn mí lẹ́nu. Àwọn tí ó fi méjèèjì kàn wá lẹ́nu ní ọjọ́ kan náà kò ya orúkọ adùn wọn sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó wọn.

Mo gé edé náà wẹ́wẹ́ sórí ìrẹsì rírọ̀. Mo fi ṣíbí gbé e sí ìyá mi lẹ́nu, mo sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, kí ó lè rí ibi tu ú sí. Ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ó tún jẹ ẹ́. Ó gbé e mì.

Ó ní, “Ó dùn.”

Mo gbé èkejì fún un, ó jẹ ẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó sì wò mí lójú, wíwò tí kò wò mí bẹ́ẹ̀ láti oṣù mélòó kan.

“O fi oyin sí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?”

N kò lè fọhùn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ oníbàárà rẹ̀ ní ọbẹ̀ sísè. Ọmọ ẹni ni à ń kọ́, ọmọ ẹni ni à ń bá wí. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo di etí àwo mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó na àwo náà sí mi, ó ní, “Bù sí i.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ fún un. Ó ní ọmọ dáadáa ni mí, kí n kí ìyá mi. Láti ìgbà náà, ìgbà mìíràn wà tí ó ń jẹ edé olóyin náà tán, ìgbà mìíràn wà tí ó ń tu ú. Kò tún bá mi wí mọ́.

Nígbà tí mo padà dé kíláàsì, mo pe ọmọbìnrin náà, mo sọ fún un pé ìdáhùn tí mo fún un kò pé. Mo kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó: “Ìbáwí ìyá mi dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí.” Mo ní kí gbogbo wọn tú u. Ọwọ́ kankan kò yára sókè, n kò sì kánjú wọn.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń bá wí nídìí ìkòkò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin náà ti ní ọmọ tí ó gbó, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kí ó wí, kí ẹ sì bu oúnjẹ sí i fún un. Kí Olódùmarè jẹ́ kí àwọn òbí wa jẹun ọmọ pẹ́.