Yàrá Ìyá Mi Nínú Ilé Olókùúta

Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ni ó ti bi èmi àti aya mi léèrè ìdí rẹ̀ tí àwa ọmọ Yorùbá fi ra ògbólógbòó ilé olókùúta ní ìgbèríko Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi ni ìdí náà. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́, a kò sì rí ilé titun kan tí agbára wa ká tí ó ní yàrá ibùsùn nísàlẹ̀.

Ṣáájú 1850 ni a kọ́ ilé náà. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin wa fi ojú fèrèsé ṣe àga. Iná, omi gbígbóná, ilé ìdáná titun: ìwọ̀nyí kò ju ọ̀ràn owó lọ. Ṣùgbọ́n yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún ìyá mi ń rin, ògiri rẹ̀ sì ti hùkàsì.

Bíríkìlà àgbàlagbà kan ni ó là wá lóye. Ẹfun tí a sun láti ara òkúta ẹfun ni àwọn ará ìgbàanì fi so òkúta ilé náà pọ̀. Omi òjò tí ó bá wọ inú ògiri a tún gba ara ẹfun náà jáde nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Ẹni kan tí ó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ni ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà, omi kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. (Ní Leeds, ní Yorkshire yìí kan náà, ni Joseph Aspdin, tí òun pàápàá jẹ́ bíríkìlà, ń gbé nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ní 1824!) Ẹni tí ó bá ti rí i bí sìmẹ́ńtì ti ń ṣí kúrò lára ògiri alámọ̀ nílé wa kò ní jiyàn.

Ilé náà sì wà lára àwọn tí ìjọba ń dáàbò bò. Gẹ́gẹ́ bí òfin 1990, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a ṣe àtúnṣe tí yóò yí ìrísí irú ilé bẹ́ẹ̀ padà láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí àṣẹ fi dé, òtútù ti dé. Ẹfun tútù kò sì gbọdọ̀ rí yìnyín, nítorí bí omi inú rẹ̀ bá dì, yóò fọ́ wẹ́wẹ́.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní London ní gbogbo àkókò náà, ní àjà kẹrin. Nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn sókè bá bàjẹ́, ẹ̀wọ̀n ni ilé jẹ́ fún wọn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń béèrè lórí tẹlifóònù pé, "Ṣé ògiri yín ti gbẹ?" Àwọn kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi pákó bò ó, kí a sì mú wọn wá. Aya mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní yàrá tí òun kò lè tẹ́ ọmọ òun sí, òun kò ní tẹ́ ìyá ọkọ òun sí i.

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó dé. A ti gbé ibùsùn wọn sí àárín yàrá, kí ó má ṣe kan ògiri. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà títí, wọ́n sì ní kí a gbé ibùsùn àwọn sún mọ́ ọn.