Àkùrọ̀ Etí Odò Ògùn

Nínú oṣù Kínní, bí èèyàn bá dúró lórí afárá Odò Ògùn ní Kárà, lójú òpópónà màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ilẹ̀ gbalasa ni yóò rí. Amọ̀ ti sán. Eèsún ti gbẹ háúháú, lékèélékèé ń tọ màlúù lẹ́yìn, wọ́n ń ṣa tata tí pátákò màlúù ń lé sókè. Omi kò kù ju ti inú kòtò lọ, àwọn ọmọdé sì ń gbọ́n ọn kí wọ́n lè kó ẹja ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ yìí gan-an ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń mú oníbàárà wá. Wọ́n á ní kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Yóò sì le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́.

Kó padà wá nínú oṣù Kẹsàn-án. Òjò tó rọ̀ lápá Ṣakí ti gba Abẹ́òkúta sọ̀ kalẹ̀, odò ti kún kọjá bèbè, ó ti tẹ́ rẹrẹ wọ inú eèsún. Omi náà pọ́n, ó ki, kò sì kánjú. Òṣíbàtà tú ewé sójú rẹ̀, ojúoró so kọ́ra wọn níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbá wọn jọ sí. Bílẹ̀ bá ṣú, igbe kọ̀ǹkọ̀ kì í jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ara wọn. Ẹja àrọ̀ á fi ojú odò sílẹ̀, á wọ inú koríko tí omi bò lọ yé ẹyin, nítorí omi tí kò jìn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì kún fún kòkòrò, ni ọmọ rẹ̀ fi ń tètè dàgbà.

Èyí tó wù mí jù nínú àwọn ẹja irú omi bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kò gùn ju ìka lọ. Killifish ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Akọ rẹ̀ dára púpọ̀: aró, pupa, ìyeyè, gbogbo rẹ̀ lára ẹja bíńtín. Inú ẹrọ̀fọ̀ ni òmíràn nínú wọn ń yé sí. Omi á gbẹ, bàbá á kú, ìyá á kú, ẹyin á sinmi sínú amọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, òjò tuntun ni yóò pa á. Abẹ́ ilẹ̀ líle tí oníbàárà fẹsẹ̀ tẹ̀ wò nígbà ọyẹ́ ni irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ń gbé.

Bí omi bá ti ń fà, àwọn àgbẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹrẹ̀ dúdú tó fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ebè tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, nígbà tí oko orí òkè ti gbẹ pátápátá.

Lọ́dún 1983 ni wọ́n parí ìsédò orí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ Odò Ògùn, tí Abẹ́òkúta àti Èkó ń rí omi mu nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn omi náà ti ní ọwọ́ nínú ìgbà tí àkùrọ̀ yóò kún àti bí yóò ṣe kún tó. Àmọ́ yanrìn ló ń pa á run. Ẹ̀rọ ń fà á láti ìsàlẹ̀ odò, típà ń dà á sórí amọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ títí yóò fi ga ju eèsún lọ, wọ́n á sì mọ ògiri yí i ká. Yanrìn yẹn kì í sán nígbà ọyẹ́. Ẹrọ̀fọ̀ tí ẹja yé sí ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, òjò kò tún lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi tó sì ti ń fi ibẹ̀ ṣe ilé rẹ̀ kò dáwọ́ wíwá dúró. Inú oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ṣí Ọ̀yán sílẹ̀, inú yàrá àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú ló wọ̀. Ó dùn mí pé ọ̀ràn ilé nìkan la máa ń sọ nígbà bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹja àrọ̀ ṣì pọ̀ lọ́jà. Inú odò símẹ́ńtì ni wọ́n ti sin ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, oúnjẹ inú àpò ni wọ́n fi bọ́ ọ. Ewédú ọ̀gbẹlẹ̀ náà ṣì ń wọlé, láti orí ìwọ̀nba ebè tó ṣẹ́ kù láàárín ògiri kan sí èkejì, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì mọ̀ pé ọdún tí onílẹ̀ bá rí oníbàárà ni oko tiwọn parí.