Àwa Tí A Mọ le0

Àwa tí a ti ń lo Unix kí ọdún 2000 tó wọlé, ẹ jẹ́ ká rántí àtijọ́ o! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ súnmọ́ ibí, ẹ gbọ́ tiwa.

Láyé ìgbà yẹn, orúkọ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà bí oríkì: ó ń sọ ìdílé tí káàdì ti wá. Ẹ bá rí le0 lára kọ̀ǹpútà Sun, ṣíìpù LANCE ti AMD ló wà nínú rẹ̀. Ie0? Ti Intel nìyẹn. Nígbà tó yá ni hme0 dé, tí Sun pè ní Happy Meal, a sì rẹ́rìn-ín títí. Ti HP ń jẹ́ lan0. Lórí Alpha ti DEC, tu0. AIX ló wá dá àrà: káàdì kan, orúkọ méjì! En0 fún Ethernet, et0 fún IEEE 802.3. Ẹ rántí, àbí?

Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀? Àwọn kan á sáré tẹ ifconfig -a, ṣùgbọ́n HP-UX kò mọ -a yẹn. Lanscan ló ń gbọ́. Solaris kì í sì í fi káàdì tí ẹ kò tíì fi plumb sọ jí hàn yín. Netstat -i ló bá wa rìn jù.

Orúkọ bá rú wa lójú, a ó wo ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì Ethernet: 08:00:20, Sun ni, 08:00:69, Silicon Graphics, 08:00:2b, DEC. Inú ẹ̀rọ gan-an ni Sun ń kọ tirẹ̀ sí. Bátìrì ṣíìpù tó ń tọ́jú rẹ̀ bá kú, àdírẹ́sì pòórá nìyẹn! Àwa la ó tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà.

Wáyà dúdú yẹn ńkọ́, tó ń ti ara kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn? Ẹnì kan á yọ ìdérí ohm 50 tó wà nípẹ̀kun rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì á dákẹ́. A ó máa rákò lábẹ́ tábìlì, a ó máa pe ara wa láti yàrá dé yàrá, ẹ̀rín á sì gba ilé kan.

Linux wá sọ gbogbo wọn di eth0. Lónìí, enp3s0 ń sọ ibi tí káàdì jókòó sí. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó bí i. NetBSD ṣì ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí SPARCstation kan ti Sun bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má méfò. Ẹ ka dmesg látòkè délẹ̀. Ẹ̀rọ náà á fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún yín.