Ẹ Jẹ́ Kí Ìyàwó Wa Jókòó

Manchester,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé ọmọ tí ìyàwó wa bí ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń mu ọmú dáadáa. Inú mi dùn púpọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ó ní èsì àyẹ̀wò ìyàwó òun ti jáde: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, wọ́n ya ọkàn rẹ̀ wò, kò sí àbùkù níbẹ̀, dókítà sì sọ pé POTS ló ń ṣe é, ìyẹn àìsàn tó ń mú ọkàn sáré bí èèyàn bá dìde dúró. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n yín wá ń sọ pé nígbà tí àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan, bí kò bá jẹ́ ọ̀lẹ, a jẹ́ pé ọwọ́ ayé ni, pé ẹ fẹ́ mú un lọ sórí òkè àdúrà kó lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfẹnu kan omi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, Màmá, ẹ má ì tíì mú un lọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú irú aláìsàn yìí níbi iṣẹ́. Bí èèyàn bá dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn lọ sí ikùn àti ẹsẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì tì í padà sókè láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. Lára ìyàwó wa, fífún yẹn kò tó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà dé ọkàn kéré, ọkàn wá ń sáré bí ẹ̀rọ ìfami tí omi kànga rẹ̀ ti fà. Ìyẹn ló fà á tí àyà rẹ̀ fi ń lù kìkì, tí òòyì fi ń kọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ fi ń ṣú, tó sì jẹ́ pé tó bá ti dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ á rọlẹ̀. Orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ya ọkàn rẹ̀ wò. Ìdúró ló sì ń gbé àìsàn náà jáde.

Oyún ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà oyún, ẹ̀jẹ̀ obìnrin a máa pọ̀ sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, á tún fà sẹ́yìn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ara ẹlòmíì kì í tètè bá àyípadà náà mu. Ọdún 1993 ni Dókítà Schondorf àti Dókítà Low ti kọ̀wé nípa àìsàn yìí, obìnrin tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe.

Bí àwọn ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ fi ojú ara wọn rí i, kí ìyàwó wa dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tó lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Kó wá dìde, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹnì kan dúró tì í. Ẹ tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, márùn-ún àti mẹ́wàá. Bí òòyì bá ti fẹ́ gbé e, kó jókòó kíá. Tí àgbàlagbà bá ní àìsàn yìí, ìlù náà á fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí iye tó wà lórí ìdùbúlẹ̀. Kò sí ọ̀lẹ tó lè pàṣẹ fún ọkàn ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó nira jù fún mi láti sọ nìyí, nítorí mo mọ bí ẹ ṣe tọ́ wa. Ìkúnlẹ̀ kí yín ní àárọ̀ ń pa á lára. Ó kúnlẹ̀, ó dìde lójijì, òòyì sì gbé e. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún un pé kó máa kí yín láti orí ìjókòó. Tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kò ní gbà, á máa rò pé ẹ máa sọ pé òun kò lẹ́kọ̀ọ́.

Omi gbígbóná tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá yín ṣe fún yín, tí ẹ sì ṣe fún èmi. Ṣùgbọ́n ooru a máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún wá kó sísàlẹ̀ sí i. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó fi wẹ̀, lórí àpótí, kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ lórí ìdúró. Ooru Mafoluku tí ẹ ń gbé lásán tó o.

Kó máa mu omi tó lítà méjì sí mẹ́ta lójúmọ́, kó mu ife kan kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ti iyọ̀, ẹ fara balẹ̀. Àwọn tó ní àìsàn yìí máa ń fi iyọ̀ kún oúnjẹ wọn, àmọ́ BP rẹ̀ ga lóṣù kẹjọ oyún, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ wọn BP rẹ̀ ní General Hospital Ìsọlọ̀, kí dókítà sì sọ ìwọ̀n tí yóò jẹ. Òkèlè ẹ̀bà ńlá lẹ́ẹ̀kan náà a máa jẹ́ kí òòyì pọ̀. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, ló dára. Mo ti fi ìbọ̀sẹ̀ tó le, tó gùn dé ìbàdí, rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Kó wọ̀ ọ́ kó tó dìde láàárọ̀.

Kó má ṣe gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lóun nìkan. Ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí àbúrò mi wá ẹni tí yóò bá a dúró síbẹ̀ ná. Kó má ṣe dúró de dánfó ní Òṣòdì nínú oòrùn náà.

Kó má kàn sùn sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ o, ìyẹn náà ń sọ ara di aláìlágbára. Lórí ẹní, kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè sódò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó máa fi kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó tó kan ìrìn. Ní Dallas, àwọn oníwádìí Qi Fu àti Benjamin Levine fi eré ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀ lórí ìjókòó tọ́jú àwọn kan tó ní àìsàn yìí fún oṣù mẹ́ta. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2010, 10 nínú àwọn 19 tó parí rẹ̀ ni kò bá òṣùwọ̀n àìsàn náà mu mọ́. Wọn kò pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ara ń padà. Ọjọ́ burúkú á sì wà láàárín. Ẹ má bá a wí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ra oògùn kankan fún un ní kẹ́míìsì. Kó rán dókítà létí pé òun ń fọ́mọ lọ́mú. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, bí kò bá lè mí dáadáa lórí ìdùbúlẹ̀, bí àyà bá ń dùn ún, bí ibà bá gbóná tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sọ pé POTS ni.

Àdúrà dára, Màmá, ẹ máa gbà á fún un nínú ilé. Ààwẹ̀ láìmu omi lè dá a kú. Ẹ ka lẹ́tà yìí sétí àwọn ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà Ìsọlọ̀ tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ọkàn ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Èmi ni n ó san owó rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkọ́bí yín lóbìnrin.