Ìdí Tí N Kò Fi Ta Píjó Mi

Àwọn tó bá rí Píjó 504 mi lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa ní Kàbà máa ń rò pé torí olóògbé ọkọ mi ni mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á kí mi pé, "Ọ̀kun o, Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú ohun tí Bàbá fi sílẹ̀." Èmi náà á dá wọn lóhùn pé ọ̀kun, n ó sì dákẹ́. Kò sí ọjọ́ tí n kì í rántí ọkọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ra mọ́tò yìí, kò sì fẹ́ràn àtimáa wà á. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí, oorun á sì gbé e lọ. Èmi ni mo rà á, pẹ̀lú owó tí ìjọba ń yá olùkọ́ láyé ìgbà yẹn láti fi ra mọ́tò, tí wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí owó oṣù. Kàbà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà. Ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀. Nọ́ńbà Kwara ni mo kọ́kọ́ kàn mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́rìí sí, tí n kò fẹnu ara mi sọ rí títí di àìpẹ́ yìí, kò ju èyí lọ: mo tọ́jú mọ́tò yìí torí pé wíwà á ń dùn mọ́ mi. Eré rẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Ìyá àgbà ni mí, mo ní ọmọ-ọmọ, mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fẹ́ràn kí n fi jíà kẹta ya tírélà sílẹ̀ lórí òkè.

Bí kì í bá ṣe ti orúnkún mi, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má jáde. Orúnkún òsì ni, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Kílọ́ọ̀ṣì 504 kì í ṣe ohun tí à ń fi ọmọ ìka tẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní oríkèé ibẹ̀ ti ń jẹ, ó wá bi mí léèrè iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ náà ń ṣe. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo dárúkọ, pé mo ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún níwájú pátákó. Àkọ́bí mi obìnrin tó bá mi lọ ló sọ fún un pé, "Màmá ṣì ń wa mọ́tò tó ní kílọ́ọ̀ṣì o, dókítà." Kí ó tó di àṣálẹ́, òun àti àbúrò rẹ̀ tó wà ní Manchester ti sọ ọ́ lórí fóònù títí wọ́n fi fẹnu kò: wọ́n á ra Corolla tòkunbọ̀ fún mi, èyí tó ń fúnra rẹ̀ pa jíà dà, ká wá ta Píjó fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, tàbí ká gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Irin àlòkù! Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Òun ni wọ́n yàn ní ọkọ̀ ọdún 1969 ní Yúróòpù. Ìjọba wa tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wọn lọ́dún 1972, nígbà tó sì di 1975, wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Láyé ìgbà náà, ibi tí ìjọba bá wà ni Píjó wà. Kọmíṣánnà ń gùn ún, ọ̀gá ọlọ́pàá ń gùn ún, alága káńsù ń gùn ún. Sítéṣọ̀n wágọ̀n rẹ̀ ló sì ń kó gbogbo wa láti gáréèjì Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin, tí a ó há mọ́ra wọn, tí ẹrù á ga lórí rẹ̀, tí dírẹ́bà á sì tún fẹ́ kó ẹnì kan sí i. Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọkọ̀ eré ìje ni. Lọ́dún 1975 kan náà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya. Lọ́dún 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi onílẹ̀kùn méjì rẹ̀ gbà á. Ọ̀nà tí wọ́n sá kì í ṣe ọ̀nà ọlọ́dà. Ẹrẹ̀ ni, eruku ni, òkúta ni. Mọ́tò tí akọ̀wé àgbà ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ka ìwé ìròyìn ni wọ́n fi já àwọn tó wá láti ibi gbogbo láyé sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ Áfíríkà.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀. Nínú tèmi tí kì í ṣe sítéṣọ̀n wágọ̀n, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá gòkè tó sì ń dá sọ̀. Bí ti òsì bá kó sí kòtò, ti ọ̀tún ò gbọ́ sí i. Ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ, iwájú kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó darí lọ. Jọ́gíráfì ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbàkigbà tí mo bá fi ọ̀pá tọ́ Kenya lórí máàpù, tí mò ń sọ̀rọ̀ tíì àti kọfí, mọ́tò mi tó wà níta lábẹ́ òòrùn ni mò ń rò.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rí lójú ọ̀nà. Ọ̀nà tó ti Obajana wá sí Kàbà, kìlómítà 43, tí tírélà sìmẹ́ǹtì ti lù bí ìlù tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ Dangote ti fi kọnkéré tún un ṣe. Ó le, ó tẹ́jú, ó sì ní òkè. Ẹ jẹ́ ká sọ pé tírélà wà níwájú mi tó ń rá pálá gun òkè, èéfín rẹ̀ dúdú, iwájú sì mọ́ gbalaja. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo yọ jíà kúrò ní kẹrin. Jíà tèmi kò sí nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sítíàríǹ ló wà, ìka ló ń fẹ́, kò fẹ́ ipá. Bí ẹ bá kánjú, á han. Bí ẹ bá dá a dúró díẹ̀ láàárín, á wọ kẹta wọ́ọ́rọ́ láìdún. Bí mo ṣe ń jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á ti mọ ibi tó ti fẹ́ gbá ẹ́ńjìnnì mú kí etí mi tó gbọ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì á ki, á bú ramúramù, imú ọkọ̀ á gbé sókè díẹ̀, sítíàríǹ á fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Táyà tírélà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó rí ojú dírẹ́bà nínú díńgí rẹ̀, n ó fun fèrè, n ó sì wọ ibi tèmi. Lẹ́yìn náà ni n ó wá dá a pa dà sí kẹrin, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀. N kò tíì rí ohun mìíràn láyé tí ọwọ́, ẹsẹ̀, etí àti ojú mi jọ ń ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ní àwíjàre, n kò sì fẹ́ fi dù wọ́n. Epo ni àkọ́kọ́. Kábúrétọ̀ ni 504 ń lò, kò mọ ìṣirò bíi ti mọ́tò òde òní. Ìgbà tí epo bẹtiróòlù kò tíì tó igba náírà lítà kan, ta ló ń bi í? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ó kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nígbà tó sì máa fi di òpin 2024, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni èkejì. Ojúlówó ti wọ́n. Ayédèrú ló kún ọjà. Ẹ̀kẹta ló sì ń dùn mí jù: àwọn mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ń lọ. Èyí tó ń tún tèmi ṣe ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Á ní kí n tẹ gíásì, á tẹ́tí, á yí ìdè kábúrétọ̀ díẹ̀, á tún tẹ́tí. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ inú mọ́tò láti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn wá ihò tó máa kì í bọ̀ nínú 504 títí, ó wá bi mí pé, "Màmá, níbo ni wọ́n fi í sí?" Mo ní kò sí i. Ó wò mí bíi pé mo ń fi í ṣeré.

Wọ́n gbé Corolla dé. Ọkọ̀ tó dára ni. Mo wà á lọ sí Lọ́kọ́ja, mo wà á lọ sí Mọ́pà níbi ìsìnkú, orúnkún mi kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, epo tó jẹ kéré gan-an. Ẹni tó bá ní Corolla kò dára, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kankan kò sí fún mi nínú rẹ̀. Mo tẹ gíásì, ó ronú, ó wá pinnu ìgbà tó fẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kìíní tí mo wọ ìlú, mo ti rọra ń dúró ní oríta, ni ẹsẹ̀ òsì mi bá fúnra rẹ̀ jáde lọ wá kílọ́ọ̀ṣì. Búréékì ló bá, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an bó ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ dúró gbì! Àpò gààrí tí mo gbé sẹ́yìn já bọ́, gààrí kún ilẹ̀, ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi sì fi gbogbo èdè tó gbọ́ bú mi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó lọ tán. Ẹsẹ̀ tí dókítà ní ó ti rẹ̀ ni kò gbà pé òun ò níṣẹ́ mọ́.

Ọmọ mi obìnrin ló pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ti múra láti tù mí nínú. Ó ní, "Màmá, ṣé torí Dádì ni? Tó bá jẹ́ tìtorí Dádì ni, a gbọ́. A lè gbé e síbẹ̀, ká ra aṣọ bò ó."

Ó rọrùn kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló máa bá opó jà lórí ohun ìrántí ọkọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n aṣọ tó dárúkọ yẹn ló mú mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Rárá o. Mo fẹ́ràn àtimáa wà á ni. Mo fẹ́ràn eré."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Eré bíi ti báwo?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ jíà kẹta, mo sọ ti ọ̀nà Obajana, mo sọ bí mo ṣe máa ń jí nígbà ọ̀dọ́ mi, kí ó tó mọ́, tí n ó gba ọ̀nà Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ lọ, tí n ó ṣẹ́rí pa dà kí àwọn ará ilé tó jí, láìní ẹni tí mo fẹ́ rí níbẹ̀. Ó ní, "Màmá! Ẹ ò sọ fún wa rí." Mo ní ẹ ò bi mí rí. Bí ọkùnrin bá fẹ́ràn mọ́tò, a máa ń kí i, a ó jókòó tì í, a ó bá a ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì wò. Obìnrin ń kọ́? Wọ́n á wá ọkùnrin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà fún un: bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, ọkọ rẹ̀ ló rà á. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí ó yé àwọn ọmọ mi kí n tó kú pé ìyá wọn ní ohun kan tó dùn mọ́ ọn fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ìpinnu náà kò ṣòro mọ́. N kò ta Píjó. Owó tí ǹ bá fi kùn ún ní ọ̀dà tuntun ni mo fi tún kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣe: mẹkáníìkì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó pààrọ̀ awo àti ìdérí rẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ tó wà nínú ọ́yìlì rẹ̀ jáde. Kò wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Corolla wà fún ọjà, fún ilé ìwòsàn, fún òru àti ìgbà òjò. Òwúrọ̀, tí orúnkún ṣì dá ṣáṣá, jẹ́ ti 504.

Mo sì sọ èyí tó kù fún wọn lórí fóònù, àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan má baà sọ pé òun ò gbọ́. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi kò bá lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì yẹn láti Kàbà dé Obajana mọ́, kí wọ́n tà á. Wọn ò gbọdọ̀ ra aṣọ bò ó, wọn ò gbọdọ̀ gbé e síbẹ̀ fún ìrántí mi tàbí ti bàbá wọn, kí adìẹ má máa yé ẹyin sí i. Kí wọ́n wá ẹni tó mọ kílọ́ọ̀ṣì lò, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó wà á gun òkè lójú wọn. Bó bá jẹ́ kí jíà han ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí wọ́n wá ẹlòmíì.