Ẹ̀rọ Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn àti Ilẹ̀ Wa ní Àtan

Ní Ọ̀tà àti Sáńgò tí a ń gbé yìí, agbára káká ni ẹ fi máa rí ilé tí ẹ̀yìn kò ti ro ẹnì kan. Ẹni tí ń já ẹrù trélà ni o, ẹni tí ń dúró ti ẹ̀rọ láti alẹ́ di òwúrọ̀ ni o, ẹni tí ń gun ọ̀kadà gba inú kòtò lọ síbi iṣẹ́ ni o, ọwọ́ wọn kì í kúrò ní ìbàdí. Nínú àwa tọkọtaya, ti baálé ni ó le jù. Ọdún 11 ni ó fi ru àpò oníkílò 50 ní ilé iṣẹ́ kan. Nígbà tí ẹ̀yìn kọ̀ tí kò ru nǹkan mọ́, wọ́n ní kí ó lọ sinmi nílé, wọn kò sì pè é padà títí di òní.

A fi àbónìkí ra á, a mu àgbo, a ra bẹ́líìtì, a sì gba abẹ́rẹ́. Ìrora náà á lọ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún padà. Nígbà tó yá ni ọkùnrin kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kó aláìsàn lọ sí òkè òkun, wá bá wa nílé pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń rì sínú ara, tí iná rẹ̀ ń pa ìrora ẹ̀yìn títí ayé. Iye tí ó dá lé e tó gbogbo owó tí ilẹ̀ wa ní Àtan lè mú wá, ilẹ̀ kan ṣoṣo tí a ní fún àwọn ọmọ. Ó fẹ́ àsansílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ta ilẹ̀, èkejì kò fẹ́. Ẹ má bi wá bí ilé ti rí lọ́sẹ̀ náà.

A pe àbúrò wa tí ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ìrora wo ni tiyín?" Ìbéèrè yẹn ni ó la ọ̀rọ̀ náà fún wa.

Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, yóò fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀, ìrora á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall kọ ọ́ jáde pé ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí ìròyìn ìrora ń gbà lọ sí ọpọlọ, àti pé ìfọwọ́kàn lè ti ilẹ̀kùn náà. Ní 1967, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Norman Shealy, fi wáyà iná sí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹnì kan tí àrùn jẹjẹrẹ ń fìyà jẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tì bọ inú egungun ẹ̀yìn, wọn a sì rì bátìrì sábẹ́ awọ ìdí tàbí ti ikùn.

Àwọn tí wọ́n ń fi í tọ́jú jùlọ ni àwọn tí iṣan ìmọ̀lára wọn ti fara pa, tí ìrora ń jó wọn bí iná láti ìbàdí lọ sí ẹsẹ̀, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn. Ní 2007, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú ènìyàn 100 bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ìdá 48 nínú 100 àwọn tó gba ẹ̀rọ ni ìrora ẹsẹ̀ wọn dínkù ní ìdajì ó kéré tán. Láàárín àwọn tí kò gbà á, ìdá 9 nínú 100 péré ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ni ó náwó sí ìwádìí ọ̀hún. A kò sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Kí ọdún tó yípo, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ti fún ní wàhálà kan tàbí òmíràn. Ní 2008, àjọ NICE ní Ìlú Ọba fọwọ́ sí i fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrora baálé wa kì í lọ sí ẹsẹ̀. Ìbàdí ni ó ti ń bá a jà, kò sì sí ẹni tó fi ọ̀bẹ kan ẹ̀yìn rẹ̀ rí.

Ohun tó wá pa wá lẹ́nu mọ́ ni ìwádìí tí àwọn dókítà ní Trondheim, ní orílẹ̀-èdè Norway, tẹ̀ jáde ní 2022. Ènìyàn 50 ni wọ́n rì í sí lára, gbogbo wọn ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, ìrora sì ń bá wọn dé ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń rìn wìnnìwìnnì lára, aláìsàn á mọ̀ pé iná ti dé. Irú èyí tí wọ́n lò yìí, ènìyàn kì í mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n wá ń tàn án fún oṣù 3, wọ́n ń pa á fún oṣù 3, láìjẹ́ kí aláìsàn mọ èwo ni èwo. Ara tu wọn díẹ̀ nígbà méjèèjì! Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìgbà tí iná wà àti ìgbà tí kò sí. Ní 2023, àwọn olùwádìí Cochrane kó ìwádìí 13 jọ lórí ẹ̀yìn ríro, ènìyàn 699 ni ó wà nínú wọn. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà ń ṣe àǹfààní tó pẹ́, tó sì borí owó àti ewu rẹ̀. Àwọn dókítà tí ń fi í ṣiṣẹ́ bá wọn jiyàn, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán.

Bátìrì mìíràn sì wà tí a gbọ́dọ̀ máa fi sí iná kí ó lè gba agbára. Ní Sáńgò! Èyí tí a kì í fi sí iná, wọ́n á tún la ara lọ́jọ́ tó bá kú. A bi ọkùnrin náà pé ta ni yóò tún un ṣe ní Ọ̀tà bí wáyà bá yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ó ní kí a ní ìgbàgbọ́. Ìgbàgbọ́ wa kò sí nínú wáyà. A kò ta ilẹ̀.

Ní Oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ẹ̀yìn tó ń ro pẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ara. Wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì (a ti ra méjì), bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fọwọ́ sí oògùn líle irú ẹbí tramadol. Ní Ilé-Ifẹ̀ tiwa níbí, Chidozie Mbada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2014: àwọn tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ ń wá ṣe eré ìdárayá McKenzie lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8, ìgbé ayé wọn sì dára sí i, àwọn tó fi eré tí ń fún ẹran ẹ̀yìn lókun kún un jàǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Físíò kan ní ọsibítù ìjọba ni ó kọ́ baálé. Á dojú bolẹ̀ lórí ẹní, á fi ọwọ́ méjèèjì ti àyà sókè, ìdí á sì wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá ń ṣe bí alángbá. Oṣù 7 rèé. Ẹ̀yìn náà ṣì ń ro, a kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó ń sùn mọ́jú, ó sì ń dúró ní ìsọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Ẹ̀yìn ríro kan wà tí a kì í fi eré ìdárayá dúró dè o. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé dá dúró, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde, bí abẹ́ kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ibà bá bá a wá tí ara sì ń rù, tàbí tó jẹ́ pé jàǹbá ọ̀kadà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.