Ẹnu ni Ọdẹ Fágúnwà Kọ́kọ́ Fi Ń Jà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ tó rọrùn ni kéèyàn sọ ìwé Fágúnwà di géèmù, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe é rí. Èmi ti ṣe é. Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ géèmù yìí lálẹ́, nígbà tí ariwo Ọjà Ọba bá ti rọlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ń wá bá mi, ohun tí mo sì ń sọ fún wọn lẹ́nu ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín. Mo fẹ́ràn àwọn ìwé wọ̀nyí tọkàntọkàn, n ò sì fẹ́ kí wọ́n bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Òkè-Igbó ni D. O. Fágúnwà, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ìtàn àwọn kan nínú wọn so kọ́ra: Olówó-ayé tó wọ Igbó Olódùmarè ni bàbá Àkàrà-oògùn tó wọ Igbó Irúnmọlẹ̀. Bàbá lọ, ọmọ náà lọ.

Irú géèmù tí mo ń sọ ni wọ́n ń pè ní roguelike. Ara géèmù Rogue ni orúkọ yẹn ti wá, èyí tí Michael Toy àti Glenn Wichman bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní nǹkan bí ọdún 1980. Lẹ́tà ni gbogbo nǹkan inú rẹ̀. Àmì @ ni ìwọ fúnra rẹ, D ni dírágónì. O gbé ẹsẹ̀ kan, ayé gbé ẹsẹ̀ kan. Kọ̀ǹpútà ń ya ilẹ̀ náà lọ́tun ní gbogbo ìgbà tí o bá bẹ̀rẹ̀, nítorí náà o ò lè há ọ̀nà sórí. Oògùn tí o bá he, o ò ní mọ ohun tó ń ṣe àfi bí o bá lò ó. Bí o bá sì kú, o kú náà nìyẹn, orí ìbẹ̀rẹ̀ lo ń padà sí. Igbó àìmọ̀, oògùn tí kò ṣeé fọkàn tán, ikú létí ọ̀nà: ta ló ka Fágúnwà tí kò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ọdẹ rẹ̀ ń gbé?

Àwọn kan ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní 1983, Robert Koeneke, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Oklahoma ní Amẹ́ríkà, mú Moria, ihò abẹ́ òkè tó wà nínú ìwé Tolkien, ó sọ ọ́ di géèmù. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Tolkien láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibì kan ṣoṣo ló mú: ìlú kékeré tó ní ṣọ́ọ̀bù wà lókè, ihò jíjìn wà nísàlẹ̀, ẹ̀dá abàmì tó ń jẹ́ Balrog sì ń dúró de èèyàn nísàlẹ̀ pátápátá. Angband tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Warwick ṣe ní 1990 náà tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe fi ìwé mẹ́rin sílẹ̀, tí mo mú Igbó Irúnmọlẹ̀ nìkan. Kò sí ẹni tó lè ru gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àmì ohùn ló kọ́kọ́ fi ojú mi rí màbo. Ojú irú géèmù yìí pín sí ihò-ihò, lẹ́tà kan nínú ihò kan. "Ẹ" tó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, nítorí náà ihò kan tó o. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá gun orí rẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́, kọ̀ǹpútà á ka lẹ́tà sí ọ̀kan, á ka àmì ohùn sí èkejì. Ẹ wo "ọ̀rọ̀". Lẹ́tà mẹ́ta ni lójú èmi àti ẹ̀yin. Ihò márùn-ún ló gbà lójú géèmù mi, àmì ohùn jókòó nínú ihò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tó yẹ kó gùn, gbogbo igi tó wà lápá ọ̀tún sì yẹ̀ kúrò láyè wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ àmì kúrò jàre, pé àwọn èèyàn á mọ̀ ọ́n kà. Mo kọ̀. Igbá àti igbà lè wà nínú àpò ọdẹ kan náà, ọ̀kan kò sì ní gbé e gun ọ̀pẹ. Ọ̀nà tí mo wá gbà ni pé mo ya lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ bí àwòrán kan, mo fi wọ́n sí àyè tí Unicode dá sí fún ẹni tó bá ní ohun tirẹ̀ láti fi síbẹ̀. "Ẹ" àti "ọ", ńlá àti kékeré, pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀: mẹ́jọ péré ni wọ́n, bí a bá yọ "m̀" sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù ní Yorùbá, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí igbó náà dúró dáadáa, mo gbé e lọ sí Oǹdó, lọ́dọ̀ olùkọ́ Yorùbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, màmá tó kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka Ògbójú Ọdẹ lórí. Wọ́n wọ awò ojú wọn, mo fi bọ́tìnnì hàn wọ́n. Wọ́n wọnú igbó, wọ́n pàdé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, ọdẹ fa idà yọ, Àgbákò pa á. Wọ́n tún un ṣe, Àgbákò tún pa á. Wọ́n bọ́ awò.

"Ọmọ mi, ta ló ní kí ọdẹ yìí wọlé? Ó dé inú igbó, kò júbà. Ó rí Àgbákò, kò bi í pé ta ni í ṣe, kò sì sọ ara rẹ̀ fún un. Ṣé bí o ṣe ka Fágúnwà nìyí?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"N ò bínú. Ẹnu ni ọdẹ Fágúnwà kọ́kọ́ fi ń jà. Lọ fún un ní ẹnu."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ìwé náà, ọdẹ àti iwin á bi ara wọn léèrè, wọ́n á fọ́nnu síra wọn, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́wọ́ sókè. Olóhùn-iyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, fi orin ṣe ohun tí kùmọ̀ Kàkó ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ́-ọdẹ, òmíràn lára wọn, gbọ́ èdè ẹranko. Géèmù àwọn òyìnbó tí mo fi kọ́ṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè fún èyí, nítorí náà mo dá a sílẹ̀ fúnra mi. Bí ọdẹ bá rí iwin báyìí, ó lè kí i, ó lè bi í léèrè, ó lè ki ara rẹ̀, ó lè pe ọfọ̀, ó sì lè dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gba ẹsẹ̀ kan. Bí o bá ń ki ara rẹ lọ jàn-ànràn, àwọn ohun mìíràn nínú igbó ń sún mọ́ ọ. Iwin kan wà tí kò lè na ẹni tó bá kí i. Òmíràn wà tó kórìíra ìfọ́nnu. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ẹnu sí i ni géèmù náà ti di ti Fágúnwà.

Ti ikú ló dùn mọ́ mi jù. NetHack, géèmù mìíràn tó jáde ní 1987, máa ń tọ́jú ibi tí eléré kú sí nígbà mìíràn, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ àti iwin rẹ̀, kí ó lè bá a pàdé nínú eré mìíràn. Bí mo ṣe rí i báyìí ni mo rántí àkúdàáyà. Ọdẹ tó bá kú nínú géèmù tèmi lè fara hàn nígbà mìíràn ní ìlú kan lẹ́yìn igbó. Ó ti yí orúkọ padà, ó ti fẹ́yàwó, ó ń ta ẹ̀tù. Ẹ lè bá a nájà. Á sọ ohun tó wà níbi tó kú sí fún yín, bí ìtàn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi orúkọ àtijọ́ pè é, ó lọ nìyẹn, àtòun àti ọjà rẹ̀. Ọmọ yunifásítì FUTA kan tó ń bá mi dán an wò pe orúkọ ọdẹ tó ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àyè ibi tí ọkùnrin náà dúró sí ṣófo. Ó ká ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "èmi ni mo lé e lọ."

Àwọn mìíràn ń ráhùn nípa ilé oníyàrá méje ti Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n inú ìwé náà, níbi tí n kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni jà, tí yàrá kan ń ṣí lójoojúmọ́ fún ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ó ń falẹ̀. N kò yọ ọ́, n kò sì ní yọ ọ́. Ní Òkè Láǹgbódó tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ, ẹ̀kọ́ ọgbọ́n ni wọ́n rí gbà. Bí a bá mú ọgbọ́n kúrò níbẹ̀, ìpakúpa ló kù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Òfin Nàìjíríà, títí kan èyí tí wọ́n ṣe ní 2022, fún àwọn àrólé òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí ìwé rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìparí ọdún 2033 ni ìyẹn bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti kan àwọn òyìnbó náà rí: géèmù PernAngband, tí wọ́n gbé ka ayé inú ìwé Anne McCaffrey, ní láti kó kúrò nínú ayé náà nítorí ẹ̀tọ́, ó bọ́ sí ti Tolkien, kó tó wá dá ayé tirẹ̀ sílẹ̀, Maj'Eyal. Nítorí náà, géèmù tó ní Àkàrà-oògùn, Kàkó àti Òkè Láǹgbódó kò kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi, àfi bí mo bá gbé e lọ fi han olùkọ́ mi ní Oǹdó. Èyí tí mò ń múra láti fi síta ní orúkọ tuntun, ìlú tuntun, iwin tí èmi fúnra mi dá. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo Yorùbá ni mo fi sílẹ̀ nínú rẹ̀: ìbà, ọfọ̀, egbé, àǹjọ̀nnú, àkúdàáyà. Kò sí ẹni tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú géèmù yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó lo orúkọ inú ìwé, ẹ má ṣe yọ àmì ohùn, kí ẹ sì ka ìwé náà sókè fún àgbàlagbà kan kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan ṣoṣo.